Bàálù kékeré tí ń fò nínú gbọ̀ngàn: ìbéèrè yín àti ìdáhùn mi

Ìgbàkígbà tí mo bá fi fídíò bàálù mi han àwọn ará ilé, yálà àwọn tó wà ní Ìbàdàn tàbí àwọn tí a jọ wà ní Ìlú Ọba níbí, ìbéèrè kan náà ló máa ń jáde lẹ́nu wọn. Mo kó àwọn ìbéèrè náà jọ, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe máa dáhùn ká ní ẹ jókòó tì mí. Ìdáhùn kan á gùn ju èkejì lọ. Níbi tí ọ̀rọ̀ pọ̀ sí ni mo pẹ́ sí.

Kí lẹ ń ṣe gan-an nínú gbọ̀ngàn yẹn?

Bàálù tí a fi ọwọ́ ara wa kàn la máa ń gbé fò. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, nígbà òtútù, a máa ń háyà gbọ̀ngàn eré ìdárayá kan tí wọ́n ti ń gbá badminton lọ́sàn-án. A óò ká nẹ́ẹ̀tì kúrò, a óò ti ilẹ̀kùn, a óò pa ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn, a óò wá pín àkókò: ogún ìṣẹ́jú fún àwọn onírìmóòtù, ogún ìṣẹ́jú fún àwọn onírọ́bà. A kì í da méjèèjì pọ̀. Bàálù rìmóòtù kan ṣoṣo tó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàálù rọ́bà, afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ti tó láti dojú èyí tó fúyẹ́ bolẹ̀.

Oríṣi mẹ́ta ló wà. Àkọ́kọ́ ni èyí tí a kàn ń fi ọwọ́ jù, tí kò ní ẹ́ńjìnnì kankan. Èkejì ni bàálù rọ́bà: rọ́bà tí a lọ́ ló ń yí abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀, tí a bá sì ti tú u sílẹ̀ báyìí, a ò láṣẹ kankan lórí rẹ̀ mọ́. Ẹ̀kẹta ni bàálù rìmóòtù, tó ní bátìrì àti ẹ́ńjìnnì kékeré, tí ẹni tó dúró nílẹ̀ ń wà.

Kí ló dé tí ẹ kì í gbé e síta, níbi tí àyè wà?

Afẹ́fẹ́ ni. Bàálù tó fúyẹ́ jù lọ nínú wọn kì í sáré tó ẹni tó ń rìn gbẹ̀fẹ́. Atẹ́gùn tó kéré débi pé ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lára, tí ewé kò ní mì fún un, yóò gbé e lọ bó ṣe ń gbé òwú àràbà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ rántí bí òwú yẹn ṣe máa ń ṣe: kì í tètè balẹ̀, kì í sì í lọ síbi tí ẹ rò pé ó ń lọ. Inú ilé nìkan ni afẹ́fẹ́ ti máa ń dúró jẹ́ẹ́ tó láti jẹ́ kí ohun tó fúyẹ́ bẹ́ẹ̀ tọ ọ̀nà tí a là sílẹ̀ fún un.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ní ìhín yìí, láti oṣù kọkànlá títí dé oṣù kejì, ilẹ̀ ti máa ń ṣú kí ènìyàn tó tibi iṣẹ́ dé.

Báwo ló ṣe fúyẹ́ tó?

Ẹ mú ìwé A4 kan, irú èyí tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní ọ́fíìsì. Tó bá jẹ́ 80 gíráàmù ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, abala kan yóò wúwo tó 5 gíráàmù. Ẹ ká a sí mẹ́rin, kí ẹ gé ìdá kan níbẹ̀. Ìdá yẹn jẹ́ 1.25 gíráàmù. Ẹ gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀.

Ní báyìí, bàálù rọ́bà tí wọ́n fi ń díje fún ife-ẹ̀yẹ àgbáyé, tí wọ́n ń pe ìsọ̀rí rẹ̀ ní F1D, ìyẹ́ rẹ̀ lè gùn tó 55 sẹ̀ǹtímítà láti etí kan dé èkejì. Ó ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Òfin ní kò gbọ̀dọ̀ fúyẹ́ ju 1.4 gíráàmù lọ, láìka rọ́bà mọ́ ọn. Ẹ wò ó, ohun tó gùn tó bẹ́ẹ̀, díẹ̀ ló fi wúwo ju ìdá mẹ́rin ìwé kan lọ! Rọ́bà tó ń gbé e kò gbọ̀dọ̀ ju 0.4 gíráàmù. Pẹ̀lú ìdí rọ́bà tí kò tó nǹkan yẹn, àwọn ọ̀gá máa ń wà lókè fún ohun tó lé ní ogún ìṣẹ́jú. Abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ń yí jẹ́jẹ́ débi pé ẹ lè fi ojú kà á: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta.

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí a fi ń da ara wa láàmú lórí ìwúwo. Ìṣirò rẹ̀ rèé. Tí ìyẹ́ bàálù kò bá yí padà, tí ẹ wá sọ ìwúwo rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́rin, ó ní láti sáré ní ìlọ́po méjì kó tó lè dúró lókè, agbára tó sì máa jẹ á di ìlọ́po mẹ́jọ. Ìyẹn ni pé ìwúwo kì í bùkún ìyà lẹ́yọ lẹ́yọ, àkójọ ló ń kó o wá. Ìdí nìyí tí mo fi lè fi sáǹpépà ra igi tín-ínrín kan fún wákàtí kan gbáko nítorí ohun tí kò wúwo ju hóró ìrẹsì mẹ́ta lọ. Ìyàwó mi kọ́kọ́ rò pé nǹkan ń ṣe mí. Ìgbà tó rí bàálù náà tó rọra yípo yàrá ìgbàlejò wa lẹ́ẹ̀mẹta, tó wá balẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì bí ìyẹ́ ẹyẹ, ló tó sọ pé, "Àṣé ohun tí ẹ ń wá nìyí."

Igi tí a ń lò ni balsa, Ecuador ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Inú ìdílé kan náà ni òun àti igi àràbà wa wà, kò sì yẹ kó yà yín lẹ́nu, torí igi àràbà náà fúyẹ́. Ní ti ohun tí a fi ń bo ìyẹ́, ọ̀rá tó fẹ́lẹ́ ju ohunkóhun tí ẹ lè rí lọ́jà ni àwọn adíje ń lò lónìí. Láyé àtijọ́, fúnra wọn ni wọ́n ń ṣe é. Wọ́n á da oje kan tó jọ fáníìṣì sójú omi nínú ọpọ́n fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, oje náà á tàn ká, á gbẹ, á di awọ, wọ́n á wá fi wáyà róbótó rọra gbé awọ yẹn kúrò lójú omi. Àwọ̀ òṣùmàrè tó bá ń dán lára rẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ bó ṣe nípọn sí.

Ta ló kọ́kọ́ ronú kan rọ́bà?

Ọmọ Faransé kan, Alphonse Pénaud. Ọmọ ọdún 21 ni ní ọdún 1871 nígbà tó gbé bàálù kékeré tó ń fi rọ́bà ṣiṣẹ́ jáde nínú ọgbà Tuileries ní Paris, lójú àwọn onímọ̀. Ó wà lókè fún ìṣẹ́jú-àáyá 11. Ìyẹ́ iwájú, ìrù lẹ́yìn tó ń mú kó dúró déédéé, rọ́bà tí a lọ́: ètò yẹn gan-an ṣì ni èyí tí à ń kọ́ àwọn ọmọ lónìí. Ìṣeré kan tó ń fi rọ́bà fò, tí wọ́n ṣe láti inú èrò Pénaud, ni Bíṣọ́ọ̀bù Milton Wright rà lọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1878. Wilbur jẹ́ ọmọ ọdún 11, Orville jẹ́ ọmọ ọdún 7. Àwọn méjèèjì sọ ọ́ fúnra wọn lẹ́yìn náà pé ibẹ̀ ni ìfẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀, ẹ sì mọ ohun tí wọ́n ṣe ní ọdún 1903: wọ́n wa bàálù onẹ́ńjìnnì tí wọ́n kàn fúnra wọn fò. Ẹni tó bá pe nǹkan yìí ní eré ọmọdé níwájú mi, ìtàn yìí ni mo máa ń sọ fún un.

Níbo làwọn ọ̀gá ti ń díje?

Níbi tí àjà ti ga, tí afẹ́fẹ́ kò sì mì. Irú ibẹ̀ kò pọ̀ láyé.

Èyí tó wù mí jù ni ibi ìwakùsà iyọ̀ ní Slănic Prahova, ní Ròmáníà. Wọ́n wa iyọ̀ kúrò nínú òkè títí tí inú rẹ̀ fi di gbọ̀ngàn ńlá, ó jìn tó 208 mítà sísàlẹ̀ ilẹ̀, àjà rẹ̀ sì ga tó 54 mítà. Ògiri iyọ̀, àjà iyọ̀, ilẹ̀ iyọ̀. Ẹ̀rùn tàbí òtútù, inú ibẹ̀ kì í kúrò ní nǹkan bí díńgírì 12, nítorí náà afẹ́fẹ́ rẹ̀ kì í rú. Wọ́n ti gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Ní Ìlú Ọba níbí, Cardington nítòsí Bedford ni ilé àwọn onírọ́bà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ṣẹ́ẹ̀dì méjì tí wọ́n kọ́ fún ọkọ̀ òfuurufú onígáàsì ayé ìgbà yẹn ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó 247 mítà. Inú ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n ti kan R101, ọkọ̀ tó gbéra láti ibẹ̀ lọ sí Íńdíà ní oṣù kẹwàá ọdún 1930, tó sì já lulẹ̀ ní Faransé lóru ọjọ́ kan náà. Ènìyàn 48 ló kú nínú 54. Lẹ́yìn tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀, bàálù tí kò tó 2 gíráàmù ló wá ń fò nínú ilé tí wọ́n kọ́ fún ọ̀kan lára ohun tó tóbi jù tó ti fò rí. Ní báyìí, àwọn oníṣẹ́ fíìmù ló ń lo ibẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n gba ife àgbáyé ti ọdún 2018 nínú hòtẹ́ẹ̀lì kan ní West Baden, ìpínlẹ̀ Indiana. Ọdún 1902 ni wọ́n kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì náà, òrùlé àárín rẹ̀ rí bíi ìdajì igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, ó sì fẹ̀ tó 61 mítà. Àwọn àlejò á jókòó sídìí tábìlì, bàálù á máa yípo lórí wọn. Ní Tustin, California, ṣẹ́ẹ̀dì onípákó ńlá méjì ló wà tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1942 nígbà ogun, àwọn onírọ́bà sì lò wọ́n fún ìgbà pípẹ́. Iná jó ọ̀kan ní oṣù kọkànlá ọdún 2023. Mo wo fídíò iná náà títí dé òpin rẹ̀. Ó dùn mí bí ìgbà tí ilé ẹbí bá jó, bẹ́ẹ̀ n kò tẹ ibẹ̀ rí.

Rọ́bà ni kí n fi bẹ̀rẹ̀ ni, àbí rìmóòtù?

Rọ́bà. Mi ò ní pọ́n ọn fún yín. Mo mọ̀ pé rìmóòtù ló ń wu ọ̀pọ̀ yín, òun ló wu èmi náà, òun ni mo sì kọ́kọ́ rà. Ṣùgbọ́n rìmóòtù máa ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Tí ìyẹ́ bá wọ́, àtàǹpàkò yín á ti máa tún un ṣe láìjẹ́ pé ẹ fura, ẹ á sì fi ọdún kan wa bàálù tó wọ́ láìmọ̀. Bàálù rọ́bà kò ní ẹni tó máa gbè é lẹ́yìn. Ohun tí ẹ bá ṣe sí i lórí tábìlì ló máa ṣe lókè. Ẹni tó bá ti mú bàálù rọ́bà kan fò fún ìṣẹ́jú kan gbáko ti mọ ibi tí ìwúwo yẹ kó wà, ó ti mọ ìdí tí ìrù fi wà níbẹ̀, ó sì ti mọ bí a ṣe ń wo bàálù. Ẹni bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan ni rìmóòtù máa gbà á.

Owó náà tún wà ńbẹ̀. Owó tí ẹ fẹ́ fi ra rìmóòtù kan, ọmọ ilé-ìwé mẹ́wàá lè fi kan bàálù rọ́bà.

Ẹ̀yin tí rìmóòtù ti wọ̀ lọ́kàn, kò burú. Ó ti pẹ́ tí àwọn kan ti ń ta bàálù rìmóòtù tó ti parí pátápátá, irú ParkZone Vapor ìgbà kan, tí gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí 15 gíráàmù lọ. Ó rọra ń fò débi pé yàrá ńlá kan tó fún un. Àwọn tó ń dárà ní tiwọn ń lo fóòmù pẹlẹbẹ tó nípọn tó mílímítà 3, wọ́n á fi ọ̀pá kábọ́ọ̀nù tín-ínrín há a, kì í sì í sábà wúwo tó 100 gíráàmù. Ìsọ̀rí F3P ni wọ́n ń pe tiwọn. Wọ́n á fi imú rẹ̀ rọ̀ mọ́ òkè bí aṣọ tí wọ́n sá, wọ́n á dá a dúró lójú kan, wọ́n á sì máa mú un jó sí orin. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn gan-an.

Níbo ni mo ti lè rí ohun èlò ní Nàìjíríà?

Ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà nítòsí yín. Páàkì fóòmù tí wọ́n ń bu jọ̀lọ́ọ̀fù sí níbi òde, ẹ fọ ọ́, ẹ gé ìdérí rẹ̀ tó pẹlẹbẹ, ẹ ti rí ìyẹ́ àti ìrù nìyẹn. Èmi àti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe bàálù mẹ́sàn-án bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn nígbà tí mo lọ ọdún Kérésì. Ẹ ṣọ́ra fún súpà gúlúù o, ó máa ń jẹ fóòmù bí ìgbà tí iyọ̀ bá bọ́ sómi. Gúlúù funfun tàbí sẹ́lótéèpù ni kí ẹ lò, díẹ̀ báyìí, torí gúlúù náà wúwo.

Ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń di ọjà ṣeé fi bo ìyẹ́ onígi. Abẹ fẹ́lẹ́ tuntun ni kí ẹ fi gé e, èyí tó ti kú á fa ọ̀rá ya. Rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó tó fún ìbẹ̀rẹ̀, ẹ so méjì tàbí mẹ́ta mọ́ra. Èyí táwọn adíje ń lò ń jẹ́ Tan Super Sport, láti Amẹ́ríkà ló ti ń wá, ẹ lè ní kí ẹni tó ń bọ̀ bá yín mú u, torí kò tóbi, kò wúwo. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú agolo tó lómọrí, kúrò nínú oòrùn àti ooru. Oòrùn ló ń pa rọ́bà. Balsa ló ṣòro díẹ̀, ìyẹn náà ẹ ní láti bèèrè fún un.

Tí ẹ bá máa ra ohun èlò kan ṣoṣo, ẹ ra òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn oníwúrà ń lò, èyí tó ń ka ìdá ọgọ́rùn-ún gíráàmù. Láìsí i, ẹ kàn ń méfò ni.

Báwo la ṣe ń lọ́ rọ́bà kó lè pẹ́?

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an rèé, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fi òróró sílíkọ́ọ̀nù díẹ̀ pa rọ́bà náà lára, ẹ rà á láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì títí tí yóò fi máa dán láìjẹ́ pé ó ń kán. Rọ́bà tó gbẹ máa ń gé ara rẹ̀ jẹ. Ẹ fi orí kan kọ́ ìkọ́ tí kò lè yẹ̀, kí orí kejì wà lẹ́nu ẹ̀rọ ìlọ́. Ẹ̀rọ ìlọ́ rí bíi dírílì ọlọ́wọ́ tí àwọn káfíńtà máa ń lò. Tèmi, tí mo bá yí i lẹ́ẹ̀kan, rọ́bà á yí lẹ́ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún.

Ẹ fà sẹ́yìn. Rọ́bà tó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, ẹ fà á dé ìgbọ̀nwọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ẹ tó yí ohunkóhun. Ẹ dúró síbẹ̀, kí ẹ lọ́ ọ títí ẹ ó fi dé ìdajì iye tí ẹ fẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ máa rìn bọ̀ níwájú, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì, bí ọwọ́ ṣe ń lọ́. Ẹ ó rí i tí rọ́bà á kọ́kọ́ di okùn tín-ínrín, á wá máa so kókó kéékèèké létòlétò, kókó yẹn á tún so kókó lórí ara rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin, ọwọ́ yín á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ: yíyí kọ̀ọ̀kan á máa le ju èyí tó ṣáájú lọ, rọ́bà á máa fa ọwọ́ bí ajá tó rí ẹran. Ibẹ̀ ni kí ẹ dúró. Ìka ló ń mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ojú.

Ẹ yọ ọ́ kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ, ẹ gbé e kọ́ bàálù, kí ẹ di abẹ̀bẹ̀ mú. Ẹ má ṣe lọ́ rọ́bà dópin nígbà tó bá wà lára bàálù láé. Mo ṣe é rí nígbà tí mo ṣì ń kánjú. Rọ́bà náà já, mo gbọ́ "pàù!" bíi bọ́ǹbù ọmọdé, ọ̀pá àárín bàálù sì fọ́ sí wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kàn án. Láti ọjọ́ yẹn, ìkọ́ ara ògiri ni mo ń lò.

Tí àjà yín kò bá ga, ẹ lọ́ ọ dópin náà, kí ẹ wá tú díẹ̀ padà, ó lè jẹ́ àádọ́ta, ó lè jẹ́ ọgọ́rùn-ún. Ìbẹ̀rẹ̀ ni agbára rọ́bà máa ń pọ̀ jù. Tí ẹ bá ti dá èyí tó gbóná yẹn padà, bàálù ò ní gun òkè lọ kọlu àjà, ẹ á sì tún jèrè èyí tó kù lápapọ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ tú u sílẹ̀, ẹ má jù ú. Ẹ dúró kí abẹ̀bẹ̀ ti máa yí, ẹ bá a rìn díẹ̀, kí ẹ ṣí ọwọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló máa kúrò lọ́wọ́ yín.

Tèmi á gbé imú sókè, á dúró, á wá re ilẹ̀, á tún gbé imú sókè. Kí ni mo ṣe?

Ìrù rẹ̀ wúwo ju imú lọ ni, àbí ẹ fi etí iwájú ìyẹ́ sókè jù. Ẹ lẹ amọ̀ ìṣeré àwọn ọmọdé tó tó hóró ẹ̀wà kan mọ́ imú rẹ̀, kí ẹ tún un jù. Tó bá dẹ̀ ń fi imú lélẹ̀ tààrà, ẹ dín in kù. Fún bàálù fóòmù tí a fi ọwọ́ jù, ibi tó yẹ kó ti dọ́gba lórí ìka yín ni ìdá mẹ́ta ìyẹ́ láti iwájú. Ẹ yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ kọ ohun tí ẹ yí sílẹ̀. Ẹni tó bá yí ohun mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà kò ní mọ èyí tó ràn án lọ́wọ́.

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé òsì ni gbogbo wọn ń yípo sí?

Tí ẹ bá dúró lẹ́yìn bàálù, apá ọ̀tún ni abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ń yí sí, nítorí náà ara bàálù fẹ́ dà sí òsì. Dípò ká máa bá a jà, a jẹ́ kó máa lọ sí òsì, àmọ́ a ṣe ìyẹ́ òsì gùn ju tọ̀tún lọ díẹ̀ kó má baà dà pátápátá. Ẹ wo bàálù onírọ́bà èyíkéyìí dáadáa, ẹ ó rí i pé apá rẹ̀ méjèèjì kò dọ́gba. Ìrù náà, a máa ń gbé etí òsì rẹ̀ sókè díẹ̀, torí etí tó bá ga ni bàálù ń yà sí.

Bátìrì ti rìmóòtù ńkọ́?

Lípò ni, irú bátìrì lítíọ́ọ̀mù kan tó fúyẹ́; ọ̀pọ̀ àwọn kéékèèké jẹ́ onísẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo. Tó bá kún, 4.2 fóòtì (volt) ni; ẹ má jẹ́ kó lọ sílẹ̀ ju 3 lọ, ó máa kú ni. Tí ẹ kò bá ní lò ó fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ẹ fi í sílẹ̀ ní nǹkan bí 3.8. Ó dùn mọ́ mi pé ṣájà rẹ̀ ṣeé kì bọ pawa báńkì, kí iná má baà jẹ́ àwáwí fún ẹnikẹ́ni nílé. Àmọ́ ẹ má fi í sí ojú ṣájà kí ẹ wá jáde, ẹ má gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ má sì fi í sínú mọ́tò nínú oòrùn. Èyí tó bá ti wú, ẹ má lò ó mọ́. Iná lípò kì í ṣe iná tí ènìyàn fi ń ṣeré.

Gbọ̀ngàn wa nílé gbóná, fáànù sì kún ibẹ̀. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Ó ṣeé ṣe dáadáa, aago ló yẹ kí ẹ wò. Lọ́sàn-án, páànù á ti gbóná, afẹ́fẹ́ gbígbóná á máa rú lábẹ́ rẹ̀, bàálù rọ́bà kò ní mọ ibi tó ń lọ. Ẹ lọ kí oòrùn tó mú, láàárín aago mẹ́fà sí mẹ́jọ àárọ̀, tàbí lẹ́yìn tó bá wọ̀. Ẹ pa fáànù, ẹ pa fèrèsé dé, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Fáànù tó ti dúró kò ní kí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti dúró. Ẹ bẹ àwọn ọmọ pé kí wọ́n jókòó, torí ọmọ mẹ́ta tó ń sáré ti tó ìjì fún bàálù tó wúwo gíráàmù 3. Nígbà òjò, igi àti pépà á mu ọ̀rinrin, bàálù tí ẹ wọ̀n lọ́yẹ́ á wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ ní oṣù kẹfà. Ẹ tún un wọ̀n.

Ẹ bá ẹni tó ń mójú tó gbọ̀ngàn sọ̀rọ̀ ṣáájú. Ní ilé-ìwé tí a lò ní Ìbàdàn, bàálù tó dára jù nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ń yípo nítòsí àjà ni bàbá kan tó ṣàánú wa nítorí ooru wọlé, tó sì tan fáànù mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan. Inú rere ló fi ṣe é. Ìyẹ́ rẹ̀ kan la rí he.

Ṣé mo nílò ìyọ̀ǹda ìjọba?

Ní Ìlú Ọba, òfin dúróònù kò ká inú ilé tí wọ́n dé pa, ṣùgbọ́n ẹni tó ni gbọ̀ngàn lè bèèrè ìwé ìbánigbófò. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú BMFA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fò bàálù kékeré ní Ìlú Ọba, ti ní i. Ní Nàìjíríà, tí ẹ bá gbé dúróònù jáde síta, ọ̀rọ̀ di ti NCAA, àjọ tó ń mójú tó ìrìnnà ojú òfuurufú, àti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò. Ẹ má gbé e síta láìgba ìwé. Bàálù rọ́bà kò ní rédíò, kò ní kámẹ́rà, kò sì ní bátìrì, inú gbọ̀ngàn ló sì ń wà.

Ọmọ ọdún mélòó ló lè ṣe é?

Ọmọ ọdún mẹ́fà lè ju bàálù fóòmù. Láti ọdún mẹ́sàn-án, ó lè kan ti rọ́bà tí àgbàlagbà bá ń bá a di abẹ fẹ́lẹ́ mú. Ẹ jẹ́ kó ba díẹ̀ jẹ́. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láti bá a ṣe é kó lè dáa, torí bàálù tí bàbá kàn, bàbá ló máa kọ́ nǹkan nínú rẹ̀.

Tó bá há sókè àjà ńkọ́?

Ẹ má ju bàtà, ẹ má ju bọ́ọ̀lù, ẹ má gun àtẹ̀gùn. Ẹ ra fèrè tí wọ́n ń fẹ́ gáàsì sí níbi ọjọ́ ìbí, méjì tàbí mẹ́ta papọ̀, kí ẹ so okùn tín-ínrín gígùn mọ́ ọn. Ẹ rọra gbé e sókè lábẹ́ bàálù, kí ẹ fi okùn náà tì í kúrò lára irin. Ohun tí àwọn adíje ńlá ń lò gan-an nìyẹn. Tí bàálù wọn bá ń sún mọ́ ògiri, wọ́n á fi okùn fèrè kan imú rẹ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n á darí rẹ̀ padà sáàárín láìjẹ́ pé ó dúró. Wọ́n máa ń fi oṣù púpọ̀ kọ́ ọ.

A kò rí fèrè onígáàsì rà ní Ìbàdàn lọ́jọ́ tí tiwa há, ọjọ́ kejì ọdún ni. Ó ṣì wà lókè gbọ̀ngàn náà, láàárín irin òrùlé àti páànù, pupa lápá kan, funfun lápá kejì. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn máa ń rí i láràárọ̀ tí wọ́n bá tò fún àdúrà, wọ́n sì ti ní kí n mú òróró rọ́bà bọ̀ ní Kérésì tó ń bọ̀.